Ìbọn kọ́ ló ń gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ àwọn ajalèlókun

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá nǹkan fìdí lé, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò kékeré kan síbí nípa àwọn ajalèlókun, àwọn olè tó ń dá ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Èsì tó pọ̀ jù lábẹ́ ẹ̀ nìyí: "Kí wọ́n ṣáà kó ìbọn fún àwọn atukọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe." Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè pé, "Ṣé orí omi náà ní one-chance ni?" Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

2/ Ìdí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn tí à ń sọ yìí. Ọkọ̀ aképo ló ń bá ṣiṣẹ́. Bó bá ti ní àwọn fẹ́ gba ojú òkun wa kọjá báyìí, Màámi ò ní sùn mọ́. Wọ́n á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á máa wo WhatsApp bóyá àmì kejì ti yọ. Ẹni tó bá ti wo àmì kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́ta rí ló mọ ohun tí mò ń sọ. Torí náà mo lọ kàwé, mo sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó wá sílé, mo da ìbéèrè bò ó. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

3/ Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná, kí ẹni tó fẹ́ bá mi jà lè tètè bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn ló ń dáàbò bo ọkọ̀ jù. Àkókò ni. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń ṣe láti gba ara ẹ̀ sílẹ̀, àkókò ló ń fi rà. Àmọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà wọ́n, àkókò yẹn á ṣòfò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tiwa wà.

4/ Nọ́ńbà la fẹ́ kọ́kọ́ wò. Apá òkun tí wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea, láti Senegal títí dé Àǹgólà, inú ẹ̀ ni Èkó, Kútọnu àti Lomé wà. Lọ́dún 2020, ìwé International Maritime Bureau, àwọn tó ń ka irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí kárí ayé, sọ pé atukọ̀ 135 ni àwọn ajalèlókun jí gbé ní gbogbo àgbáyé. Mélòó nínú wọn ni wọ́n jí gbé ní òkun tiwa? 130. Ẹ tún un kà. 130 nínú 135.

5/ Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ gbàgbé ti fíìmù, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ igi kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì alágbára lẹ́yìn ni, ọkùnrin bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá nínú ẹ̀, ìbọn lọ́wọ́ wọn, àti àkàbà gígùn tó ní ìkọ́ lórí. Wọ́n á sáré dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá, wọ́n á fi àkàbà kọ́ ọ létí, wọ́n á gùn ún. Láyé ìjọ́un, epo inú ọkọ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé èèyàn yá ju epo lọ. Epo jíjí ń fẹ́ oníbàárà. Èèyàn tí wọ́n jí gbé, ilé iṣẹ́ ẹ̀ àti ẹbí ẹ̀ ni oníbàárà.

6/ Ọkọ̀ wo ló wù wọ́n? Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí etí ẹ̀ sún mọ́ omi, tàbí èyí tó dúró sójú kan tó ń retí àyè láti wọ èbúté. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, 2019, ọkọ̀ MV Bonita ti ilé iṣẹ́ kan ní Norway dúró ní tiẹ̀ lẹ́bàá Kútọnu, ó ń retí àyè. Wọ́n gun orí ẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn mẹ́sàn-án lọ. Ibi tí a lè pè ní ẹnu ọ̀nà ilé nìyẹn o.

7/ Ó dáa. Kí ni ọkọ̀ lè ṣe? Ìwé ìtọ́sọ́nà kan wà tí gbogbo atukọ̀ mọ̀, BMP ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tẹ ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́tọ̀ ní 2020. Ohun àkọ́kọ́ ni eré sísá. Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀dà kẹrin ìwé náà ní 2011, wọ́n sọ pé kò tíì sí ìròyìn ọkọ̀ kankan tí wọ́n gùn nígbà tó ń sáré ju knot 18 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 33 ní wákàtí kan. Ọ̀kadà ń sáré jùyẹn lọ, àmọ́ lórí omi, eré ńlá ni. Ẹ sì rántí pé ọkọ̀ aképo púpọ̀ ò lè sá tó bẹ́ẹ̀.

8/ Ẹni tí kò bá lè sáré á máa yí sọ́tùn-ún, á yí sósì. Ìgbì tí ọkọ̀ ńlá ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń yí yẹn lè gbé ọkọ̀ kékeré fò bíi ọmọ ayò, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àkàbà wọn kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó dùn mọ́ òun jù nínú ìdánrawò wọn nìyẹn, àmọ́ gbogbo àwo ilé ìdáná ló fọ́ lọ́jọ́ náà. Kúùkù ò bá kápútéènì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

9/ Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká etí ọkọ̀, bíi ti orí fẹ́ǹsì àdúgbò yín. Páìpù omi iná tó ń tú omi pẹ̀lú agbára sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Irin lójú fèrèsé. Àtìpa lára gbogbo ilẹ̀kùn. Ojú tó ń ṣọ́nà, pàápàá lóru, nítorí ẹni tó bá rí wọn láti òkèèrè ló máa ní àyè láti ṣe gbogbo èyí tó kù. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Kò sí ohun tó le nínú ẹ̀, àmọ́ owó ni, wàhálà sì ni, àwọn ọlọ́kọ̀ kan sì máa ń fò ó.

10/ Wàyí o, tí wọ́n bá gùn ún náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ń pè ní citadel ti wúlò. Yàrá onírin ni, nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí gbogbo atukọ̀ máa sá wọ̀ tí wọ́n á sì tì pa látinú. Omi, oúnjẹ, ilé ìgbẹ́, ẹ̀rọ tó ń bá ayé sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì láti ibẹ̀, kí olè lè jókòó sórí ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ wọlé. Tí ẹnì kan bá ṣẹ́kù síta, ọwọ́ àwọn olè ló wà, ọmọ ogun tó bá wá ò sì ní lè yìnbọn.

11/ Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbọ́ ìtàn Montecristo. Oṣù Kẹwàá, 2011, ní òkun Somalia, ajalèlókun mọ́kànlá gun ọkọ̀ ará Ítálì yìí. Àwọn atukọ̀ mẹ́tàlélógún sá wọ citadel. Wọn ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi sínú ìgò, wọ́n jù ú sómi láti ojú fèrèsé. Ọmọ ogun ojú omi tó wà nítòsí rí ìgò náà. Lẹ́tà yẹn sọ pé gbogbo àwọn wà nínú yàrá, ara àwọn le, kí wọ́n máa bọ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gun ọkọ̀ náà, àwọn olè sì gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́tà inú ìgò o, lọ́dún 2011!

12/ Ẹ wá gbọ́ ìkejì, èyí tó ń dùn mí. Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní, 2021. Ọkọ̀ Mozart, tí ọlọ́kọ̀ ẹ̀ jẹ́ ará Tọ́kì, gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Cape Town. Wọ́n gùn ún níbi tó tó bíi máìlì òkun 100 sí São Tomé. Àwọn atukọ̀ yìí náà ṣe ohun tó tọ́, wọ́n wọ citadel. Àmọ́ ìròyìn sọ pé bíi wákàtí mẹ́fà ni àwọn olè fi ń gé irin yẹn. Wákàtí mẹ́fà! Ẹ rò ó wò, kẹ́ ẹ wà nínú yàrá òkùnkùn, kẹ́ ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. Wọ́n wọlé. Wọ́n pa atukọ̀ kan, ọmọ ilẹ̀ Azerbaijan. Wọ́n kó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó di oṣù Kejì kí wọ́n tó rí wọn gbà padà.

13/ Yàrá onírin ni méjèèjì. Atukọ̀ méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn. Kí ló wá yàtọ̀? Ti Montecristo, ọkọ̀ ogun wà nítòsí. Ti Mozart, wákàtí mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó dé. Kí ni yàrá yẹn tún fẹ́ ṣe? Ó ra wákàtí mẹ́fà fún wa. Àwa la ò ná an.

14/ Mo mọ̀ pé ẹ ṣì fẹ́ ká sọ ti ìbọn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ìbọn ń ṣiṣẹ́ níbì kan. Ẹ rántí Maersk Alabama, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ìtàn ẹ̀ ṣe fíìmù Captain Phillips? Oṣù Kẹrin, 2009 ni wọ́n gùn ún. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún dojú kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ṣọ́ oníbọn wà lórí ẹ̀, wọ́n sì lé wọn padà. Mo gbà. Àmọ́ ẹ rántí ti àkọ́kọ́ náà: kò sí ìbọn kankan lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ sá pamọ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n pa iná, wọ́n sì mú ọ̀gá àwọn olè náà gan-an.

15/ Ìbọn ní apá kejì. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì, 2012, lẹ́bàá Kerala ní Íńdíà. Ọmọ ogun Ítálì méjì tó ń ṣọ́ ọkọ̀ aképo Enrica Lexie rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀. Wọ́n rò pé olè ni. Wọ́n yìnbọn. Apẹja méjì ló kú. Apẹja lásán. Ẹjọ́ yẹn ba àárín Íńdíà àti Ítálì jẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kí Ítálì tó san mílíọ̀nù rupee 100 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú.

16/ Ẹ wá ronú kan òkun tiwa. Mélòó ni ọkọ̀ apẹja tó wà lórí omi yìí lóru? Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ìjọ̀, àwọn Ẹ̀gùn, àwọn ará Gánà. Ọkọ̀ kékeré, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ọkùnrin bíi mélòó kan nínú ẹ̀. Láti òkèèrè, kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sí olè? Àwọn apẹja yìí gan-an náà, olè orí omi ń já ẹ́ńjìnnì gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣé ká tún wá fi ìbọn ẹni tó ń bẹ̀rù kún ìyà wọn ni?

17/ Yàtọ̀ síyẹn, òfin Nàìjíríà ò gba ẹ̀ṣọ́ aládàáni oníbọn láti ilẹ̀ òkèèrè láyè nínú omi wa. Ọmọ ogun ojú omi wa ló ń sin ọkọ̀. Ìyẹn náà ò ní kí ewu má sí. Lóṣù Kìíní 2020, wọ́n kọlu ọkọ̀ Ambika ní ìpínlẹ̀ Delta. Ọmọ ogun wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n pa lára wọn, wọ́n sì tún kó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó jẹ́ pé ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀, ìbọn tìẹ náà lè di ohun tí wọ́n á fi kọ́kọ́ yìn ọ́.

18/ Ó dáa, ta ló yẹ kó wá ná àkókò táwọn atukọ̀ ń rà yìí? Ìjọba. Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Lóṣù Kejì 2016, wọ́n jí ọkọ̀ aképo Maximus gbé lẹ́bàá Abidjan. Gánà ń wò ó, Tógò ń wò ó, Amẹ́ríkà ń bá wọn tọ ipasẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó dé ìtòsí São Tomé, ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà gùn ún, wọ́n sì gbà á padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olè ò ń bèèrè físà kó tó kọjá láti omi Bẹ̀nẹ̀ sí tiwa, torí náà ẹni tó ń lé e náà ò gbọdọ̀ dúró ní bọ́dà.

19/ Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2021, wọ́n ṣí iṣẹ́ Deep Blue ní Èkó. Mílíọ̀nù dọ́là 195 ló ná wa. Ọkọ̀ ogun ńlá méjì, ọkọ̀ asáré mẹ́tàdínlógún, bàálù méjì, hẹlikọ́pítà mẹ́ta, drone mẹ́rin. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè náà ń yí òkun wa ká nígbà yẹn. Ẹ wo nọ́ńbà: ìṣẹ̀lẹ̀ 81 ní 2020, ó di 35 ní 2021. Ní 2024, 18 péré. Ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n níbi tí wọ́n ti ṣe dáadáa.

20/ Àmọ́ ọkọ̀ asáré ń fẹ́ epo. Hẹlikọ́pítà ń fẹ́ ẹ̀yà ara tuntun. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan ìjọba lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé tẹ́ẹ̀pù tán, tí àwọn oníròyìn sì ti lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Nígbà tí nọ́ńbà bá wálẹ̀, wọ́n á ní ìṣòro ti tán, wọ́n á gé owó ẹ̀. Ní òkun Somalia, ó ti pẹ́ tí ariwo rọlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ Ruen lọ lóṣù Kejìlá 2023. Àwọn olè yìí ò kú. Wọ́n ń wò wá ni.

21/ Nǹkan kejì tó yẹ kí ìjọba ṣe ni kọ́ọ̀tù. Tẹ́lẹ̀, a ò tiẹ̀ ní òfin tó dá ìwà ajalèlókun mọ̀ lọ́tọ̀. 2019 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lóṣù Karùn-ún 2020, wọ́n jí ọkọ̀ apẹja ará Ṣáínà kan gbé lẹ́bàá Côte d'Ivoire, Hailufeng 11. Ọmọ ogun ojú omi wa gbà á padà. Lóṣù Keje 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fi ọkùnrin mẹ́wàá sẹ́wọ̀n, ọdún méjìlá-méjìlá. Ó wú mi lórí.

22/ Ẹ wá fi wé èyí. Oṣù Kọkànlá 2021, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Denmark kan bá àwọn afurasí ajalèlókun pàdé ní òkun wa. Wọ́n yìnbọn síra wọn, àwọn kan kú, wọ́n sì mú mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè wo ló fẹ́ gbà wọ́n kó ṣẹjọ́ wọn? Kò sí. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wà lórí ọkọ̀ yẹn. Níkẹyìn, wọ́n fi mẹ́ta sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n fún wọn ní epo àti oúnjẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ẹnì kẹrin tó fara gbọgbẹ́ nìkan ni wọ́n gbé lọ sí Denmark. Kí ni ìbọn fẹ́ ṣe sí irú ìyẹn?

23/ Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sẹ́ni tó ń gbé inú òkun. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹ́ńjìnnì àti epo. Inú ẹrẹ̀ Niger Delta ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé pamọ́ sí. Ẹnì kan ló ń dúnàádúrà lórí fóònù, ẹnì kan ló ń pín owó. Abúlé tí epo rọ̀bì ti pa ẹja wọn, tí kò sí iṣẹ́ fún ọmọ wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti ń gba ọmọọṣẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ káàánú ajínigbé o. Mò ń sọ pé tí ẹ bá mú ọmọọṣẹ́ mẹ́wàá lórí omi, tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kan ọ̀gá kan lórí ilẹ̀, ogún míì á gorí omi lọ́la.

24/ Ẹni tó ń sọ pé "kí ló kàn mí", ó kàn ẹ́. Ní 2010, kò sí ìkọlù kankan nínú ìwé ní omi Bẹ̀nẹ̀. Ní 2011, ó di 20. Kíá, àwọn oníbánigbófò ní London kọ orúkọ omi Bẹ̀nẹ̀ mọ́ àwọn ibi eléwu. Owó tí ọkọ̀ ń san fò sókè, ọkọ̀ tó ń wọ Kútọnu dín kù. Ta ló máa san àfikún yẹn? Ẹ bi ẹni tó ra tòkunbọ̀ láti Kútọnu. Ẹ bi ẹni tó ń ra ìrẹsì. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó máa gbé owó yẹn jẹ fún ẹ.

25/ Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí lórí omi: láti oṣù Kejìlá 2020, òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ atukọ̀, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, sọ pé tí ajalèlókun bá mú atukọ̀, àdéhùn iṣẹ́ ẹ̀ ò parí, owó oṣù ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dúró títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé àdéhùn ọmọ yín. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ta ni wọ́n máa pè, ti ta ni ẹ̀yin náà máa pè. Àwa ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ò mọ̀.

26/ Torí náà, ohun tí mò ń fẹ́ rèé. Kí ọlọ́kọ̀ ra wáyà, kó tún citadel ṣe, kó sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ṣe ìdánrawò. Kí ìjọba máa sọ fún wa lọ́dọọdún, mélòó nínú ọkọ̀ Deep Blue yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí orílẹ̀-èdè etí òkun wa fẹnu kò lórí ẹni tó máa ṣẹjọ́ ẹni tí wọ́n bá mú. Kí wọ́n lépa ọ̀gá tó wà lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ sọ ti ìbọn, mo ṣe tán, ẹ wá ká sọ ọ́.

27/ Mo ka gbogbo èyí fún Màámi kí n tó gbé e síbí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn tó dákẹ́ ni mi ò fẹ́. Tí ọmọ mi bá pariwo, kẹ́nì kan ṣáà dáhùn." Mi ò lè sọ ọ́ jùyẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tún máa wọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mọ̀ tó ní èèyàn lórí omi.